Wáyà inú bàálù kékeré: ìdáhùn fún àbúrò tó ń kan bàálù l'Ọ́báńtọ́kọ́

Ìbéèrè tí àbúrò wa kan fi ránṣẹ́ nìyí, mo gé e kúrú: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kan bàálù oníjókòó méjì lẹ́yìn ilé wa l'Ọ́báńtọ́kọ́ níbí l'Ábẹ́òkúta, pákó àti aṣọ ni ara ẹ̀, Rotax 912 tòkunbọ̀ ni ẹ́ńjìnì tí mo rà. Rewáyà tó ń bá wa tún mọ́tò ṣe ní Pánsẹ́kẹ́ ní òun lè wáyà ẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, pé kò yàtọ̀ sí mọ́tò, máásítà súwíìsì kan, fíùsì ńlá kan, ó parí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ni kí n rà, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Àbúrò, o kú iṣẹ́, o kú ìnáwó. Inú mi dùn pé ìsinsìnyí lo béèrè, torí ọ̀pọ̀ ló máa ń kan bàálù tán kí wọ́n tó rántí wáyà, wọ́n á wá máa wá ihò tí wọ́n máa kì í bọ̀. Pákó tìẹ ṣì ṣí sílẹ̀, aṣọ ò tíì bò ó, àsìkò tó yẹ gan-an nìyí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti rewáyà yẹn. Mi ò ní bú u, abẹ́ rewáyà lèmi náà ti kọ́ṣẹ́ ní Láfẹ́ńwá kí n tó dé ìdí bàálù, abẹ́ dáṣíbọọ̀dù mọ́tò ni mo dùbúlẹ̀ sí fún ọdún mẹ́ta, bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi láti fọwọ́ mọ wáyà tó ń gbóná kí n tó mú tẹ́sítà, mo ṣì ń lò ó dòní. Rewáyà ẹ mọ iṣẹ́ ẹ̀. Àmọ́ mọ́tò tó bá kú lójijì, wàá bọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ á bá ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wàá wá rewáyà. Ojú òfurufú ò ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ohun tí mo fẹ́ kó o mú lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn yìí ò ju ìbéèrè kan lọ, bi wáyà kọ̀ọ̀kan kó o tó fà á: tó o bá já, tàbí tó o gbiná, tí mo wà lókè, kí ló máa kú, kí ló máa kù fún mi? Kò sí bàálù tí nǹkan kan ò ní bàjẹ́ nínú ẹ̀ láé, torí náà ṣe é lọ́nà tó fi jẹ́ pé èyíkéyìí tó bá bàjẹ́, wàá ṣì délé.

Látorí ẹ́ńjìnì ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Rotax 912 tó ń lo kábúrétọ̀, ó ní iná tirẹ̀ tó ń fún pílọ́ọ̀gì. Ọ̀nà méjì ni iná yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró, inú kọ́ìlì tó wà lára ẹ́ńjìnì yẹn náà ni wọ́n ti ń mú iná, wọn ò bá bátìrì da nǹkan kan pọ̀. Pọ́ọ̀ǹpù epo kan náà tún wà lára ẹ́ńjìnì tí ẹ́ńjìnì fúnra ẹ̀ ń tì. Ìyẹn ni pé bí bátìrì kú fin-ín fin-ín, ẹ́ńjìnì tó ti ń lọ á ṣì máa lọ. Ẹ̀bùn ńlá lèyí, má fọwọ́ ara ẹ bà á jẹ́, ohun tí rewáyà sì fẹ́ ṣe yẹn, pé kó kó gbogbo ẹ̀ sábẹ́ máásítà kan bíi ti mọ́tò, ó máa bà á jẹ́. Súwíìsì iná ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ dá wà, méjì, kò gbọdọ̀ sí wáyà kankan tó so wọ́n mọ́ máásítà. Àmọ́ lọ wo nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnì yẹn dáadáa, tó bá jẹ́ 912 iS ni, kì í ṣe kábúrétọ̀ nìyẹn, kọ̀ǹpútà ló ń pín epo àti iná, tí iná bá sì tán ẹ́ńjìnì kú. Tó bá jẹ́ ìyẹn lo rà, dúró, kọ̀wé sí mi kó o tó ṣe nǹkan kan, torí ọ̀tọ̀ ni ìdáhùn ẹ̀.

Súwíìsì iná ẹ́ńjìnì yìí ń ṣiṣẹ́ bíi ti ọ̀kadà àtijọ́, ó máa yé àwọn mẹkáníìkì ọ̀kadà ní Kútọ̀ ju rewáyà lọ. Tí súwíìsì bá so wáyà ẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnì ni iná pílọ́ọ̀gì ń kú, tó o bá tú u sílẹ̀ ló ń yè. Nítorí náà tí wáyà yẹn bá já níbì kan, súwíìsì á wà ní píparẹ́, ìwọ á rò pé ẹ́ńjìnì ti kú, àmọ́ ààyè ló wà. Máa ṣe sí prọ́pẹ́là bí ẹni pé ó lè yí nígbàkúùgbà, má jẹ́ kí ọmọdé dúró níwájú ẹ̀. Wáyà tó ní àwọ̀n irin lára ni kó o lò fún méjèèjì, torí èyí tí ò ní àwọ̀n máa ń pariwo sínú rédíò, wàá kàn máa gbọ́ "tá-tá-tá" létí látìgbà tó o bá ti sitáàtì.

Ó yá, gba ìwé. Kọ gbogbo ohun tó máa jẹ iná sí i, pẹ̀lú iye áńpù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ, má fojú bù ú, ìwé tó bá nǹkan náà wá ló máa sọ ọ́. Mo máa fi nọ́ńbà ṣàpẹẹrẹ, tìẹ lè yàtọ̀ díẹ̀. Síkíríìnì tó ń fi gíga àti eré hàn ẹ, áńpù 1.5. Rédíò tó kàn ń gbọ́, 0.5, àmọ́ tó o bá tẹ bọ́tìnnì láti sọ̀rọ̀ ó lè fò dé 2.5. Transponder, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dá rédà lóhùn kí àwọn tó wà nílẹ̀ lè mọ ibi tó o wà, 0.5. Iná etí ìyẹ́ àtèyí tó ń ṣẹ́jú, tí wọ́n bá jẹ́ LED, 2. Iná ìbalẹ̀, LED náà, 3. Pọ́ọ̀ǹpù epo kejì tó jẹ́ oníná, 1.5. Ibi tí wàá ti máa ṣáàjì fóònù, 2. Rélè máásítà, ìyẹn súwíìsì ńlá oníkọ́ìlì tí súwíìsì máásítà ń darí láti so bátìrì mọ́ gbogbo iná, òun fúnra ẹ̀ ń jẹ 0.8, àwọn èèyàn sì máa ń gbàgbé ẹ̀. Ró o pọ̀, 11.8 ni, nígbà tó o bá ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ó di 13.8.

Kí ni ẹ́ńjìnì ẹ lè pèsè? Jẹnẹrétọ̀ tó wà nínú 912, wáàtì 250 ni, bí áńpù 18 nìyẹn, ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń sáré gidi lo sì máa tó rí i pé. Tó o bá ń rìn jẹ́jẹ́ nílẹ̀ lọ sí ibi tó o ti máa gbéra, kò ní pé bẹ́ẹ̀, bátìrì ni wàá máa jẹ láìmọ̀. Nítorí náà 13.8 nínú 18, ó wọlé, àyè díẹ̀ wà. Ká ní iná ìbalẹ̀ àtijọ́ tó jẹ́ wáàtì 100 lo fi sí i ńkọ́, ìyẹn nìkan ju áńpù 8 lọ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lórí rédíò ó ti fò kọjá 18. LED ni kó o rà, owó tó lé lórí ẹ̀ ò tó nǹkan.

Wá fa ìlà sábẹ́ àwọn tó ò lè ṣe aláìní láti fi wálé. Síkíríìnì, rédíò, transponder. Áńpù 2.5 péré. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti dùn nìyí o, wò ó: ká ní bátìrì ẹ jẹ́ áńpù-wákàtí 18, tí jẹnẹrétọ̀ sì kú. Tó o bá jẹ́ kí gbogbo nǹkan máa jẹun lọ, 18 pín sí 12, wákàtí kan àbọ̀, bátìrì tó ti dàgbà ò sì ní fún ẹ ju ìdajì ẹ̀, ìṣẹ́jú 45 nìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ 2.5 yẹn nìkan ló ń jẹ, kódà pẹ̀lú bátìrì tó ti dàgbà, ó lé ní wákàtí mẹ́ta àbọ̀. Bátìrì kan náà, kò sí kọ́bọ̀ tó lé e, bó o ṣe pín wáyà nìkan ló yàtọ̀.

Báwo la ṣe máa pín in? Bọ́sìbà méjì. Bọ́sìbà ni irin pẹlẹbẹ tí gbogbo wáyà ti ń bu iná, o mọ̀ ọ́n nínú bọ́ọ̀dù ilé. Àkọ́kọ́ ni bọ́sìbà gbogbogbò, tó ń gba iná látara rélè máásítà, ibẹ̀ ni iná ìbalẹ̀, ibi ìṣáàjì fóònù àti àwọn ará yòókù máa wà. Èkejì ni bọ́sìbà ìwálé, èmi ni mo ń pè é bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ làwọn mẹ́ta yẹn máa wà. Àwọn àgbà bọ̀ wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, nítorí náà ọ̀nà méjì ni kí iná gbà dé bọ́sìbà ìwálé: ọ̀nà kìíní látara bọ́sìbà gbogbogbò, tó gba inú dáyódù kan kọjá kí iná má baà lè padà sẹ́yìn, ọ̀nà kejì tààrà látorí bátìrì, pẹ̀lú fíùsì tirẹ̀ tó sún mọ́ bátìrì dáadáa àti súwíìsì tirẹ̀. Ní gbogbo ìgbà, ọ̀nà kìíní ni wàá máa lò. Ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ bá kú, wàá tan súwíìsì kejì, wàá pa máásítà. Ó tán. Gbogbo ohun tí ò pọndandan ti kú lẹ́ẹ̀kan náà, rélè máásítà tó ń jẹ 0.8 yẹn náà ti kú, o ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í wá súwíìsì lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ọkàn ẹ ò balẹ̀. Tí rélè máásítà fúnra ẹ̀ ló bàjẹ́ náà ńkọ́? Ìdáhùn kan náà ni.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí rélè máásítà, torí ó ti fìyà jẹ mí rí. Bàálù kan la fẹ́ dán ẹ́ńjìnì ẹ̀ wò lọ́gbẹlẹ̀ ọdún kan, ojúlówó rélè tí a ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ ò tíì dé, ni mo bá lọ ra rélè stáàtà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta páàtì mọ́tò, ó ní ìkan náà ni wọ́n, mo wò ó, lóòótọ́ wọ́n jọra bí ìbejì, bóòtù ńlá méjì lórí, kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo dè é mọ́ ọn. A sitáàtì. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn kan bí ìgbà tí ọ̀dà bá ń jó, mo fọwọ́ kan rélè yẹn, mi ò lè fọwọ́ dúró lórí ẹ̀. Mo ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnì, àmọ́ kí wọ́n tó pa á ó ti dún "kẹ́ì," gbogbo síkíríìnì ṣókùnkùn. Nígbà tí mo tú u, wáyà tí wọ́n wé sínú ẹ̀ ti dúdú, bébà tó wà láàárín wọn ń rún wómúwómú lọ́wọ́ mi. Ilẹ̀ la wà, a dúpẹ́.

Ìdí tó fi jó ni pé ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni wọ́n ṣe rélè stáàtà fún, kí ẹ́ńjìnì ṣáà ti gbà, ti máásítà sì gbọ́dọ̀ dì mú fún wákàtí mélòó kan. Bó o ṣe máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀ ni pé kó o gbé mítà ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kó o fi wọn ibi kọ́ìlì: ti stáàtà máa ń wà ní nǹkan bí ohm 3 sí 5, ti máásítà máa ń wà ní nǹkan bí 15. Ohm 4 lórí bátìrì fólítì 12, áńpù 3 ló máa jẹ, wáàtì 36 nìyẹn, ooru lásán, nínú nǹkan tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kò sí bí ò ṣe ní jó. Má gba "ìkan náà ni" lẹ́nu ẹnikẹ́ni, jẹ́ kí mítà sọ̀rọ̀. Kó o tó dè é, fi dáyódù 1N4007 kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì ẹ̀, ìlà fàdákà tó wà lára dáyódù kó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù. Torí nígbà tó o bá pa rélè, kọ́ìlì yẹn máa ń ta fóltéèjì padà tó lè dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ẹnu súwíìsì títí tí súwíìsì ò fi ní gbà mọ́.

Ohun tó kàn ni fóltéèjì tó pọ̀ jù. O mọ bí NEPA ṣe máa ń gbé iná dé lójijì tí fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n gbogbo àdúgbò á jó. Ó lè ṣẹlẹ̀ nínú bàálù náà, tí rẹ́gúlétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iná jẹnẹrétọ̀ kó má pọ̀ jù, bá dàrú, fóltéèjì á máa gòkè, bátìrì á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, síkíríìnì olówó ńlá yẹn á jó. Ọtanétọ̀ tó ń pèsè iná fún mọ́tò, o lè gé iná kékeré tó ń lọ sínú ẹ̀, á dákẹ́. Àmọ́ ti Rotax yìí, mágínẹ́ẹ̀tì ló wà nínú ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń yí, á máa pèsè iná bó o fẹ́ bó o kọ̀. Ọ̀nà tó wà ni kó o gé e lójú ọ̀nà. Wáyà yẹ́lò méjì ló ti inú ẹ́ńjìnì jáde lọ sí rẹ́gúlétọ̀, fi rélè kan sí ọ̀kan nínú wọn, kó o wá so rélè yẹn mọ́ ẹ̀ṣọ́ fóltéèjì tó máa já a tí fóltéèjì bá ti dé 16. Rélè yẹn náà ni súwíìsì jẹnẹrétọ̀ á máa darí, iṣẹ́ méjì fún ẹ̀rọ kan. Rẹ́gúlétọ̀ yẹn kórìíra ooru o, má gbé e sẹ́yìn sálẹ́ńsà, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kó wà, kó o sì fi kàpásítọ̀ 22,000 microfarad, ẹ̀rọ kékeré tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀, sí ibi tó ń gbé iná jáde, àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnì gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀, torí tí bátìrì bá já lójú òfurufú, kàpásítọ̀ yẹn ló máa gba rẹ́gúlétọ̀ là.

Ra mítà fóltéèjì kékeré kan, kó o sì fi iná pupa kan síwájú ojú ẹ gan-an tó máa tàn tí fóltéèjì bá wá sábẹ́ 13. Tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, wàá rí nǹkan bí 14, tó bá ti jẹ́ bátìrì nìkan, wàá rí 12 àti díẹ̀. Lójú tèmi iná pupa yìí wúlò ju síkíríìnì kejì tí gbogbo èèyàn máa ń fẹ́ rà, torí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí jẹnẹrétọ̀ bá kú ló yẹ kó o ti mọ̀, kì í ṣe ìgbà tí rédíò bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ.

Ó tó sí ọ̀rọ̀ wáyà gan-an. Má lo wáyà ilé. Òmíràn nínú wáyà ilé, igi bàbà kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀, ẹ́ńjìnì á máa gbọ̀n ọ́n títí á fi kán, gẹ́gẹ́ bó o ṣe máa ń tẹ̀ wáyà síwá sẹ́yìn títí tó fi máa já. Èyí tó ní fọ́nrán púpọ̀ tí wọ́n fa tánganran sí lára ni kó o rà. Èyí tó tún wá burú jù ni rọ́bà ara wáyà ilé, PVC ni, kò nífaradà ooru púpọ̀, tó bá sì ń jó, èéfín ẹ̀ ní ásíìdì nínú, nínú yàrá kékeré tí èèyàn méjì jókòó sí, ojú ẹ ò ní ríran, ọ̀fun ẹ á dí. Wáyà bàálù tí wọ́n ń pè ní Tefzel, rọ́bà ẹ̀ ń gba ooru dé 150 lórí ìwọ̀n Celsius, ó tínrín, ó fúyẹ́, òkè òkun lo ti máa ní kí wọ́n bá ẹ rà á. Ó wọ́n, mo mọ̀. Dín nǹkan míì kù, má dín ìyẹn.

Rántí pé pákó àti aṣọ ló yí ẹ ká. Lọ́dún 1998 bàálù ńlá Swissair 111 já sínú òkun nítòsí Halifax ní Kánádà, èèyàn 229 ló bá a lọ, wáyà tó ta iná lókè orí àwọn awakọ̀ ló ran ìbòrí tí wọ́n fi bo inú bàálù, kò tó ìdajì wákàtí látìgbà tí wọ́n ti gbóòórùn àkọ́kọ́. Àwọn yẹn ní ẹnjiníà, wọ́n ní iléeṣẹ́, irin sì ni bàálù wọn.

Nítorí náà fíùsì. Ọ̀pọ̀ ló rò pé rédíò ni fíùsì ń ṣọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, wáyà ló ń ṣọ́. Bí wáyà bá ṣe nípọn tó la ṣe ń yan fíùsì: bí nọ́ńbà wáyà (AWG) bá ṣe kéré tó ni wáyà ṣe nípọn tó, nítorí náà wáyà nọ́ńbà 22, fíùsì áńpù 5. Nọ́ńbà 20, fíùsì 7.5. Nọ́ńbà 18, fíùsì 10. Nọ́ńbà 14, fíùsì 15. Fíùsì sì gbọ́dọ̀ wà níbi tí iná ti ń bọ̀, kì í ṣe lẹ́bàá rédíò, torí gbogbo wáyà tó wà láàárín bọ́sìbà àti fíùsì, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Fíùsì pẹlẹbẹ ti mọ́tò lèmi fẹ́ràn, ó rọrùn láti rí, kò ní nǹkan tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ̀. Àwọn kan fẹ́ràn bírékà nítorí pé wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ padà, èmi ò fẹ́ kó o tẹ nǹkan kan padà lókè, ohun tó já fíùsì ní ìdí, ìdí yẹn ò tíì kúrò, ilẹ̀ la ti ń wá a. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ gan-an máa ń fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé fíùsì tó bá jó kí oníbàárà lè rí ilé dé. Tó o bá rí ẹnikẹ́ni tó gbé bébà fàdákà sún mọ́ bàálù ẹ, ní kó jáde.

Ibi tí wáyà bá parí sí, lọ́ọ̀gì, irin kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ẹnu wáyà, ni kó o fi tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú páláyà tó ní eyín tí ò ní tú àfi tó bá tẹ̀ ẹ́ dé ibi tó yẹ. Má fi páláyà lásán fún un. Èmi kì í jó lẹ́ẹ̀dì sí wáyà inú bàálù àfi ibi tí ò bá sí ọ̀nà míì, torí lẹ́ẹ̀dì máa ń wọ́ lọ sáàárín fọ́nrán wáyà, ibi tó bá dúró sí á le gbagidi, ibẹ̀ gan-an ni á ti kán. Lẹ́yìn tó o bá tẹ̀ ẹ́ tán, fà á, fi agbára fà á, tó bá yọ, ó dáa kó yọ lọ́wọ́ ẹ. Téèpù dúdú tí gbogbo wa ń lò, oòrùn Ábẹ́òkúta máa ń yọ gọ́ọ̀mù ẹ̀, á tú, á máa fì, rọ́bà tó ń sún kì tí iná bá rà á ló dáa. Tó o bá sì ń gbé bàálù sẹ́yìn ilé, máa wo ìdí wáyà fún eku lóṣooṣù.

Wáyà stáàtà. O ò sọ ibi tí bátìrì máa wà, àmọ́ ọ̀pọ̀ máa ń gbé e sẹ́yìn ìjókòó kí bàálù má baà wúwo níwájú. Mítà mẹ́ta ní lílọ, mẹ́ta ní bíbọ̀, mítà mẹ́fà nìyẹn, torí pákó ò lè gbé iná padà bíi ara mọ́tò, o gbọ́dọ̀ fa wáyà nẹ́gẹ́tíìfù tirẹ̀ lọ dé ẹ́ńjìnì. Ká ní stáàtà fa áńpù 100. Tó bá jẹ́ wáyà 6 mílímítà lo fà, ó lé ní fólítì kan àbọ̀ tó máa sọnù lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnì á kàn máa ṣe "gírì, gírì" láàárọ̀ ọyẹ́. Pẹ̀lú 16 mílímítà, ohun tó máa sọnù ò pé fólítì kan, bí 0.65 ni. Lo 16. Nẹ́gẹ́tíìfù gbogbo ohun yòókù, kó wọn pa pọ̀ síbì kan ṣoṣo lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù, má ṣe so ọ̀kan síbí, òmíràn sọ́hùn-ún, ìyẹn ló máa ń fa igbe tó ń han "wíìì" nínú hẹ́díséètì.

Rédíò náà ń jìyà nínú bàálù pákó. Eríà rẹ̀ nílò irin lábẹ́ kó tó lè ju ohùn jìnnà, bàálù irin ní in láti ilé, ìwọ ò ní. Rédíò bàálù wà láàárín megahertz 118 sí 137, nítorí náà ge rìbọ́ọ̀nù bàbà mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ̀ǹtímítà 60, tẹ́ wọn sábẹ́ ìdí eríà bí àgbélébùú, so gbogbo wọn mọ́ ìdí ẹ̀. Kó o tó fi aṣọ bò ó ni o, torí lẹ́yìn aṣọ, wàhálà ni.

Bátìrì: oníléèdì tí wọ́n dì pa, AGM, ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Lithium fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ó ní òfin ìṣáàjì tirẹ̀, bàálù àkọ́kọ́ ẹ kọ́ ni wàá ti kọ́ ọ. Gbé e jìnnà sí ooru ẹ́ńjìnì, torí bí ooru bá ṣe ń fi ìwọ̀n 10 ga ju 25 lọ, bátìrì oníléèdì ń pàdánù bí ìdajì ọjọ́ ayé ẹ̀, ooru ilẹ̀ wa nìkan ti tó o.

NCAA ló láṣẹ lórí bàálù ní Nàìjíríà, lọ bá wọn nísinsìnyí, kì í ṣe lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ fò, wọ́n lè fẹ́ rí àwòrán bó o ṣe fẹ́ fa wáyà yìí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé aláwọ̀ dúdú kì í ṣe irú ẹ̀, ní Kàdúná ni wọ́n ti ṣe Air Beetle, ara RV-6A ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú àwòrán ẹ̀, ó sì fò.

Tó o bá ti wáyà ẹ̀ tán, so bàálù mọ́lẹ̀ dáadáa, fi ẹnì kan tó mọ bíréèkì sórí ìjókòó, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ prọ́pẹ́là, sitáàtì ẹ̀. Kí ẹni tó wà nínú yẹn máa yọ fíùsì lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa kọ ohun tó kú sílẹ̀, kó kọ ohun tó kù, kó dá a padà, kó bọ́ sí èyí tó kàn. Lẹ́yìn náà kó tan súwíìsì ọ̀nà kejì, kó pa jẹnẹrétọ̀, kó wá pa máásítà, kó wo síkíríìnì àti rédíò bóyá wọ́n ṣì wà láàyè, kó jẹ́ kí wọ́n máa lọ fún ìṣẹ́jú 30 pẹ̀lú bátìrì nìkan, kó máa kọ fóltéèjì ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Tí ẹ́ńjìnì bá kú níbi kankan nínú gbogbo èyí, wáyà kan wà níbi tí ò yẹ kó wà. Ya fọ́tò ìwé yẹn àti àwòrán ẹ ránṣẹ́ sí mi, èmi náà á wò ó, kó o tó fi aṣọ bo pákó.